Fíìmù Jámánì Tí Ìparí Rẹ̀ Sọnù

Ohun tó máa ń bí mi nínú jù láyé ni kí ẹnì kan jókòó tì mí, kó wá sọ pé mi ò túmọ̀ ọ̀rọ̀ dáadáa. Mo gbọ́ Yorùbá, mo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, mo gbọ́ pijin Ajégúnlẹ̀ dé ibi tí wọ́n ti ń fi búni, mo sì ti ń kọ́ èdè Jámánì láti nǹkan bí ọdún méjì. Nítorí náà, nígbà tí ìyá àgbàlagbà kan tí wọn ò mọ̀ ju "gúdù mọ́nìn" lọ nínú èdè òyìnbó wò mí lójú lọ́sàn-án ọjọ́ Sọ́ńdè kan, tí wọ́n ní, "Irọ́ lo ń pa, ohun tí ọmọ yẹn sọ kọ́ nìyẹn," inú bí mi débi pé etí mi gbóná. Ohun tó tún wá bí mi nínú jù ni pé òótọ́ ni wọ́n sọ.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni ìyá tí mò ń wí yìí. Màámi ni mo ń pè wọ́n, torí ọwọ́ wọn ni mo dàgbà sí, nínú yàrá méjì tí wọ́n háyà ní Ajégúnlẹ̀, tí a ṣì wà níbẹ̀ títí di òní. Iṣẹ́ tapólì ni wọ́n ń ṣe ní ibùdókọ̀ Coconut, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí àwọn tírélà máa ń tò sí. Tapólì ni aṣọ rọ́bà líle tí wọ́n fi ń bo ẹrù orí tírélà kí òjò má bàa rin ín. Bó bá ti ya, àwọn awakọ̀ á gbé e wá bá Màámi. Èèyàn kan ò lè dá a rán. Ó wúwo, ó fẹ̀ ju ilẹ̀ yàrá lọ. Ẹnì kan á jókòó sídìí maṣíìnì, á máa ti aṣọ wọlé, ẹnì kejì á dúró lódìkejì, á máa fà á jáde. Bí ẹni tó ń fà bá yára jù, abẹ́rẹ́ á kán. Bó bá lọ́ra jù, ojú rírán á ká jọ, wọ́n á sì tún tú u. Kí wọ́n tó bí mi ni ẹnì kan ṣoṣo ti ń bá Màámi fa tapólì, ẹni náà ni Àlájà.

Ṣakí ni Àlájà ti wá sí Èkó nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ ọ̀dọ́mọbìnrin. Mùsùlùmí ni wọ́n, Màámi sì jẹ́ ìyá ìjọ. Ọkọ àwọn méjèèjì ti kú tipẹ́. Mo wà ní práímárì kẹta nígbà tí ọkọ Àlájà kú, tí onílé sì ní kí wọ́n kó jáde. Màámi ò gbà á rò lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní kí Àlájà gbé ẹrù wọn wá. Láti ọjọ́ náà ni àwọn méjèèjì ti ń sùn nínú yàrá iwájú, tí èmi ń sùn nínú yàrá ẹ̀yìn. Tí ààwẹ̀ bá dé, Màámi ló ń jí gbé oúnjẹ sààrì kaná. Tí Kérésìmesì bá dé, Àlájà ló ń dín adìẹ, tí wọ́n sì ń bú Màámi pé ata tí wọ́n lọ̀ ò tó. "Ọ̀rẹ́ mi" ni wọ́n ń pe ara wọn, bí wọ́n bá ń jà pàápàá.

Wàhálà dé ní ọjọ́ tí ọmọ kan ṣoṣo tí Àlájà bí, ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, wá bá wa nílé pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu. Ó dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó ní òun ti parí ilé tí òun ń kọ́ fún ìyá òun ní Ṣakí. Yàrá mẹ́rin, omi ẹ̀rọ nínú ọgbà, igi máńgòrò lẹ́yìnkùlé. Ó ní bí oṣù yìí bá parí, òun á wá kó wọn.

Ẹni tó bá jẹ́ Yorùbá mọ ohun tó kù láti ṣe. Ọmọ kọ́lé fún ìyá, ijó ni. Ọ̀rẹ́ ìyá yẹn ló yẹ kó kọ́kọ́ jó, àdúrà tirẹ̀ ló sì yẹ kó ròkè jù. Bí ọ̀rẹ́ bá la ẹnu sọ pé "Má lọ," àwọn èèyàn á ní ìlara ń ṣe é, pé ó fẹ́ kí ẹlòmíì jìyà dópin nínú omi ẹrọ̀fọ̀ Ajégúnlẹ̀, nítorí pé òun ò ní ọmọ tó máa kọ́lé fún òun. Ó sì wá lọ jẹ́ pé Màámi ò bímọ. Èmi ni wọ́n ní, èmi náà ò sì tíì kọ́ ilé ajá.

Nítorí náà Màámi jó. Wọ́n jó lọ́jọ́ yẹn, wọ́n jó lọ́jọ́ kejì. Wọ́n rin gbogbo Coconut já, wọ́n ń sọ fún awakọ̀, wọ́n ń sọ fún mẹkáníìkì, pé, "Ọ̀rẹ́ mi ń lọ jayé." Wọ́n ra abọ́ táńganran olódòdó mẹ́fà fún ilé tuntun náà. Wọ́n ra bútà àlùwàlá. Wọ́n ra kọ́tìnì aláwọ̀ ewé, wọ́n tún fi ọwọ́ ara wọn ṣẹ́ etí rẹ̀. Láràárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó fọ ẹnu, Màámi á ti dúró lórí Àlájà, wọ́n á máa ṣàdúrà pé Ọlọ́run á jẹ́ kó gbé ilé náà pẹ́, pé kò ní rìn padà sẹ́yìn. Èmi tí mò ń gbọ́ ọ láti yàrá kejì, ó ti sú mi kí ọ̀sẹ̀ kìíní tó pé.

Ohun tí ẹ̀yin ò mọ̀, tí èmi mọ̀, ni pé Màámi ń sunkún. Mo bá wọn lẹ́yìnkùlé tí wọ́n ń fọ abọ́, omi ojú ń ro sínú omi ọṣẹ. Mo ní kí ló dé. Wọ́n ní, "Ta ni yóò máa bá mi fa tapólì?"

Mo ní, "Ṣé nítorí tapólì nìkan ni, Màámi?"

Wọ́n ní kí n kúrò níwájú àwọn, pé ẹnu mi ti ń gùn jù. Kí n tó kúrò, wọ́n mú mi fi Bíbélì búra pé mi ò ní sọ fún Àlájà.

Lọ́jọ́ kẹta ẹ̀, Àlájà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kàǹga. Wọ́n ní, "Ṣé o ń rí ọ̀rẹ́ mi? Ara ń yá a kí n máa lọ. Kọ́tìnì ló tún rà lánàá. Látìgbà tí ọmọ ti wá sọ̀rọ̀ ilé yìí, kò sọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé kí n tilẹ̀ rò ó wò." Wọ́n fi etí aṣọ nu ojú. "Bóyá mo ti há a mọ́ nínú yàrá yẹn tipẹ́, tí mi ò mọ̀."

Mo ní, "Ẹ ò ṣe sọ fún wọn pé ẹ ò fẹ́ lọ?"

Wọ́n wò mí tìyanutìyanu. "Kí n kọ ilé ọmọ mi, nítorí ẹni tó ń fi ijó sìn mí sọ́nà?" Àwọn náà mú Kùránì jáde, mo sì tún búra. Bí ẹnu mi ṣe di pa lọ́tùn-ún lósì nìyẹn, èmi tí mi ò lè pa ẹnu mọ́ lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀wà.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nínú ilé nìyí nígbà tí kíláàsì Jámánì mi ń sún mọ́ ìparí. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe lójúmọ́ ni kí n máa tẹ ìwé fún àwọn tó ń gba kọ̀ǹténà jáde ní èbúté Àpápá. Èdè Jámánì ní tirẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ torí mo fẹ́ lọ máa tọ́jú àwọn arúgbó lọ́hùn-ún. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti fi físà dù mí. Alágídí sì ni mí, mi ò fi kíláàsì sílẹ̀. Inú ilé àwọn òṣìṣẹ́ tó wà lẹ́yìn ilé ńlá kan ní Àpápá GRA ni a ti ń ṣe é, ọ̀gbẹ́ni àgbàlagbà kan tó ti gbé Jámánì rí ló ń kọ́ wa. Bàbá yìí fẹ́ràn sinimá àtijọ́ ju oúnjẹ lọ.

Iṣẹ́ ìkẹyìn tó fún wa ni pé kí olúkúlùkù mú fíìmù Jámánì àtijọ́ kan, kó fi èdè ìyá rẹ̀ túmọ̀ rẹ̀ fún àgbàlagbà méjì, kó sì fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀. Ó wá ṣàlàyé fún wa pé nígbà tí sinimá ṣì jẹ́ ọmọdé, kí àwọn oníjàgídíjàgan tó gba ìjọba níbẹ̀, àwọn ará Jámánì máa ń dán ohun tí ilẹ̀ mìíràn ò lè dán wò nínú fíìmù. Ó ní àwọn kan wà nínú rẹ̀ tó dá lórí obìnrin tó nífẹ̀ẹ́ obìnrin, tí wọn ò fi ṣe yẹ̀yẹ́, tí wọn ò sì pè é níṣẹ́ Sàtánì. Nígbà tí ìjọba yí padà, wọ́n fòfin de òmíràn, wọ́n gé òmíràn sí wẹ́wẹ́, òmíràn sì sọnù pátápátá. Ó béèrè pé ta ni yóò mú ọ̀kan nínú wọn.

Olúkúlùkù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ìwé rẹ̀. A mọ ìlú tí a wà, a sì mọ ohun tí òfin wí. Ọkùnrin kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi wá fi imú rẹ́rìn-ín, ó ní irú rádaràda bẹ́ẹ̀ ò sí láàárín àwọn ìyá tiwa. Ẹ̀rín yẹn bí mi nínú. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti nawọ́ sókè. Bí mo ṣe máa ń ko wàhálà nìyẹn.

Mo gbé fúláàṣì tí olùkọ́ wa da fíìmù náà sí délé, mo dá wo fíìmù náà nínú yàrá mi. Dúdú àti funfun ni, kò ní ohùn, ojú pátákó ni wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ sí. Ó dùn mọ́ mi débi pé mo gbàgbé pé mo gbé ìrẹsì kaná. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rù wá bà mí. Báwo ni mo ṣe máa jókòó síwájú ìyá ìjọ àti Àlájà tó ti lọ sí Mẹ́kà, kí n máa ka irú ọ̀rọ̀ yìí sí wọn létí? Mo bá dá ọgbọ́n kan. Mo mú ìwé, mo kọ àwọn ọ̀rọ̀ náà ní Yorùbá, mo sì fi ọṣẹ fọ̀ wọ́n. Ibi tí wọ́n bá ti sọ "ìfẹ́," èmi á sọ "oore." Àwọn obìnrin méjì náà, mo sọ wọ́n di ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Mo kà á tán, mo rí i pé kò ní àléébù kankan, mo sì yin ara mi.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, lẹ́yìn tí Màámi dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, tí Àlájà sì kírun Àìlà tán, mo gbé kọ̀ǹpútà sórí àga nínú yàrá wọn, mo tan fóònù kó máa gba ohùn wa. Àwọn méjèèjì jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, àyè tó gba èèyàn méjì wà láàárín wọn. Ẹrù Àlájà ti wà ní dídì lẹ́bàá ògiri, àwọn abọ́ olódòdó wà lórí ẹ̀. Oṣù ti fẹ́ parí. Ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ ni ọmọ máa dé.

Fíìmù bẹ̀rẹ̀. Màámi ní, "Ṣé odi ni gbogbo wọn?"

Mo ní, "Rárá, Màámi. Fíìmù ò tíì ní ohùn láyé ìgbà yẹn. Bí wọ́n bá sọ̀rọ̀ tán, wọ́n á kọ ọ́ sójú pátákó dúdú, èmi á kà á fún yín."

Àlájà ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ariwo Coconut ti tó gẹ́ẹ́."

Ọmọbìnrin kan wà nínú fíìmù náà tó ń ta ìbọ̀wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù ńlá kan. Bí oníbàárà bá dé, á gbé ìgúnpá lé tìmùtìmù kékeré kan, ọmọbìnrin náà á wá máa fi ìbọ̀wọ́ wọ̀ ọ́, ìka kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan wọlé, ó gẹ irun rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wọ ṣòkòtò. Olùkọ́ ni, àwọn ọmọbìnrin ló ń kọ́ ní lílúwẹ̀ẹ́ lódò. Ó ra ìbọ̀wọ́ kan. Ní Sátidé kejì, ó padà wá ra òmíràn. Ó tún wá.

Àlájà ń kà á. "Ó di márùn-ún. Kí ló fẹ́ fi ṣe?"

Mo ní, "Òtútù pọ̀ nílùú wọn."

Màámi ní, "Òtútù wo? Ṣé o ò rí i pé áísìkiriìmù ni wọ́n ń lá?"

Mo dọ́gbọ́n wúkọ́, mo sì ń ka ìwé mi lọ. Olùkọ́ náà mú ọmọbìnrin oníbọ̀wọ́ lọ sódò, ó ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Ó fi ọwọ́ gbé e nínú omi, ó ń rìn sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, ọmọbìnrin náà ń tẹ̀ lé e. Èmi ò rò pé nǹkan kan wà níbẹ̀. Àmọ́ àwọn méjèèjì sún síwájú lórí bẹ́ẹ̀dì.

Àlájà ní, "Wò ó bó ṣe ń fà á. Bó bá yára, ọmọ yẹn á mu omi."

Màámi ní, "Kò yára."

"Kò lọ́ra náà."

"Ó mọ̀ ọ́n fà," Màámi wí, wọn ò sì gbé ojú kúrò lójú fíìmù.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù rí wọn níbi tí wọ́n ti di ọwọ́ ara wọn mú létí odò. Ó lé ọmọbìnrin náà níṣẹ́, ó kọ̀wé sí bàbá rẹ̀ lábúlé pé kó wá mú un. Ní Sátidé tó kẹ́yìn, ọmọbìnrin náà ti wọ kóòtù, àpótí rẹ̀ wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Olùkọ́ wọlé bó ṣe máa ń wọlé, ó gbé ìgúnpá rẹ̀ lé tìmùtìmù. Gbogbo oníbàárà ń wò. Ọmọbìnrin náà di ọwọ́ yẹn mú, ó sì sọ̀rọ̀. Pátákó dúdú jáde.

Mo kà á látinú ìwé mi, ohùn mi já geere. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣé gan-an ni fún gbogbo oore tí ẹ ṣe mí. Ọlọ́run á san án fún yín. Ó dàbọ̀."

Ibẹ̀ ni Màámi ti wò mí lójú. "Irọ́ lo ń pa, ohun tí ọmọ yẹn sọ kọ́ nìyẹn."

Mo dá fíìmù dúró. Mo ní, "Màámi, ṣé ẹ̀yin náà ti gbọ́ Jámánì ni?"

"Mi ò gbọ́ Jámánì. Ojú mi ríran. Ta ló ń ra ìbọ̀wọ́ mọ́kànlá nítorí oore? Ẹni tó fẹ́ dúpẹ́ oore á gbé iṣu wá."

Mo fẹ́ jiyàn. Mo ti la ẹnu. Ni Àlájà bá sọ pẹ̀lú ohùn kékeré pé, "Kà á bó ṣe wà, ọmọ mi. Àgbà ni wá. Kò sí ohun tó máa ṣe wá."

Ojú tì mí. Mo pa ìwé mi dé, mo sún mọ́ kọ̀ǹpútà, mo sì ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. "Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. Ojú ò tì mí láti sọ ọ́ níwájú wọn. Bí o bá ní kí n má lọ, mi ò ní lọ. Ṣáà ti sọ̀rọ̀."

Mò ń gbọ́ obìnrin tó ń polówó búrẹ́dì níta. Mo jẹ́ kí fíìmù máa lọ. Olùkọ́ náà gbé ojú sókè, omi lé ròrò sójú rẹ̀, ó la ẹnu. Ibi tó ti la ẹnu gan-an ni ojú kọ̀ǹpútà ti ṣú.

Màámi ní, "Kí ló sọ?"

Mo ní, "Ó ti tán."

"Ó tán báwo? Obìnrin yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ la ẹnu ni."

Mo ṣàlàyé pé ibi tí wọ́n bá a dé nìyẹn, pé apá tó kẹ́yìn ti sọnù láyé àtijọ́, pé kò sí ẹni tó kù láyé tó mọ ohun tó sọ. Inú bí Màámi. Wọ́n ní ta ló sọ ọ́ nù. Wọ́n ní ṣé gbogbo Jámánì náà ni wọn ò ti rí ẹnì kan tó lè fi fíìmù pamọ́. Wọ́n bú olùkọ́ mi ní GRA, wọ́n bú èmi náà mọ́ ọn.

Àlájà ò bínú. Wọ́n ń wo ẹrù wọn lẹ́bàá ògiri. Wọ́n ní, "Kí ló wá le níbẹ̀? Èmi mọ ohun tó sọ. Ó ní kó máa lọ. Ó ní inú òun dùn, pé Ọlọ́run á jẹ́ kó dé ọ̀hún láyọ̀. Ó tilẹ̀ ṣeé ṣe kó ra kọ́tìnì fún un."

Mo wo Màámi.

"Irọ́ ni," Màámi wí. "Ó ní kó má lọ."

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Torí ohun tó wà lẹ́nu mi láti bí oṣù kan nìyẹn." Màámi yíjú sí Àlájà. "Má lọ. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, ọ̀rẹ́ mi, mi ò fẹ́ kí o lọ. Jẹ́ kí wọ́n pè mí ní onílara. Má lọ."

Àlájà gbá itan Màámi, ó dùn wọ́n dáadáa. "Kí ló wá dé tí o fi ń jó?"

"Kí ni kí n ṣe? Ọmọ rẹ kọ́lé, kí n máa sunkún níwájú ẹ̀?"

"O bá ti sunkún. Ì bá ti yé mi." Àlájà sì bú sẹ́kún, wọ́n tún ń rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀. "Èmi náà nífẹ̀ẹ́ rẹ. Ọjọ́ tí o ra bútà yẹn, díẹ̀ ló kù kí n sọ ọ́ mọ́ ọ lórí."

Bí èmi ṣe dìde nìyẹn, mo ní mo fẹ́ lọ ra búrẹ́dì. Mi ò fẹ́ kí wọ́n rí i pé èmi náà ń sunkún, torí wọn ò ní jẹ́ kí n gbádùn. Fóònù wà lórí àga níbẹ̀, ó ṣì ń gba ohùn. Mo gbàgbé ẹ̀ pátápátá.

Èèyàn lè bi mí pé irú ìfẹ́ wo ni. Mi ò bi wọ́n, mi ò sì ní bi wọ́n. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ìfẹ́ ni Màámi pè é, ìfẹ́ ni Àlájà náà pè é, èmi tí mo kàwé sì ni mo fẹ́ fi "oore" rọ́pò rẹ̀.

Ọmọ Àlájà dé ní Sátidé bó ṣe wí. Coconut ló bá wọn, wọ́n na tapólì tírélà kan sílẹ̀, Màámi wà nídìí maṣíìnì, Àlájà wà lódìkejì. Àlájà ò fi aṣọ sílẹ̀. Wọ́n ní, "Ilé yẹn dára, ọmọ mi, Ọlọ́run á kọ́lé fún ìwọ náà ní àlùjáńnà. Jẹ́ kí àbúrò bàbá rẹ máa gbé ibẹ̀, kó máa gbá a. Bí Iléyá bá dé, àwa méjèèjì á wá. Àmọ́ ibí yìí ni mò ń gbé."

Kò kọ́kọ́ dùn mọ́ ọn, kí n má purọ́. Ó fajú ro. Ó wo Màámi bí ìgbà tí èèyàn ń wo ẹni tó jí nǹkan, obìnrin kan tó ń ta páànù ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa sì ti ń kùn pé wọ́n ti fi ìlara de Àlájà mọ́lẹ̀. Màámi gbọ́ ọ. Wọ́n gbé orí sókè, wọ́n ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni mo ní kó má lọ," wọ́n sì ń rán aṣọ wọn lọ. Ọmọ dúró nínú oòrùn fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó yá, ó ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè, ó ní kí ìyá òun lọ sinmi, kí òun bá wọn fà á. Ó gbá tapólì mú, ó fà á bí ẹní ń fa málúù, abẹ́rẹ́ kán. Àwọn ìyá méjèèjì rẹ́rìn-ín débi pé Àlájà jókòó sílẹ̀, òun náà sì bá wọn rẹ́rìn-ín. Lọ́dún Iléyá a lọ sí Ṣakí lóòótọ́, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kọ́tìnì aláwọ̀ ewé wà lójú fèrèsé níbẹ̀. Àwọn abọ́ olódòdó ò lọ, inú wọn la ti ń jẹun ní Ajégúnlẹ̀.

Mo gbé iṣẹ́ mi lọ sí kíláàsì. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn méjèèjì kí n tó gbé ohùn wọn jáde, Àlájà ní kí n gbé e, pé kí àwọn tó gé fíìmù yẹn gbọ́. Olùkọ́ wa gbọ́ ọ títí dópin, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún. Ó ní òun ti ń wá ìparí fíìmù yìí láti ọjọ́ pípẹ́, pé irú èyí kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo wo ọkùnrin tó fi imú rẹ́rìn-ín lọ́jọ́sí. Mo ń wò ó títí tó fi gbé ojú sílẹ̀.

Ohùn náà ṣì wà lórí fóònù mi. Láwọn ọjọ́ tí wọ́n bá ti jà, lórí ata tàbí lórí ẹni tó gbàgbé láti ti ilẹ̀kùn, Àlájà á pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á ní, "Bá mi tẹ ibi tó ti sọ̀rọ̀ yẹn." Màámi á pariwo pé kí n pa nǹkan yẹn, pé etí àwọn ti kún, wọ́n á sì dìde pé àwọn ń lọ sẹ́yìnkùlé. Wọn kì í dé ẹ̀yìnkùlé. Ẹnu ilẹ̀kùn ni wọ́n máa ń dúró sí, títí Àlájà á fi dá wọn lóhùn nínú fóònù pé òun náà nífẹ̀ẹ́ wọn.